Ta Ni Ó Ń Gbé Ibí Kí Á Tó Dé?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kì í ṣe èyí tí ẹ sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ Ìsinmi. Kì í ṣe ti ààwẹ̀, kì í ṣe ti ìdámẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí a fẹsẹ̀ tẹ̀ yìí ni, àti nípa àwọn ọmọ tí wọ́n bí sórí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jọ ń jọ́sìn níbí, ọ̀nà jíjìn la ti wá. Ẹlòmíì ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ẹlòmíì ti Ìjẹ̀bú, ti Adó-Èkìtì, ti Ìlọrin, ti Kàbà. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé àwọn kan dé, òwò ló gbé àwọn mìíràn, àwọn kan sì tẹ̀lé ọkọ tàbí aya wọn. Ọlọ́run bá wa ṣe é, a rí jẹ, a rí mu, a bímọ, àwọn kan sì ti kọ́lé. Ọpẹ́ ni fún Un. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa bá jókòó lẹ́yìn ìsìn, tí wọ́n ń sọ bí Abuja ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Wọ́n á ní, "Igbó kìjikìji ni gbogbo ibí yìí. Kò sí ẹnì kankan. Ilẹ̀ tí kò ní olówó ni ìjọba mú." Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé òótọ́ ni? Tí kò bá wá jẹ́ òótọ́, ṣé ó kàn wá? Àwa kọ́ la gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìjọba ló fún àwọn kan ní ìwé, àwọn mìíràn fi òógùn ojú wọn rà á, àwọn tó kù ń san owó ilé fún láńlọ́ọ̀dù. Ṣé ẹni tí kò jí nǹkan lè jẹ gbèsè nítorí ohun tí ẹlòmíràn mú? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ gbé yẹ̀ wò nìyẹn.

Àwọn tó wà níbẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba ológun Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wò ó bóyá kí olú ìlú kúrò ní Èkó, nítorí pé Èkó ti há. Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága ìgbìmọ̀ náà. Tai Solarin wà lára wọn. Wọ́n ní kí olú ìlú wá sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, níbi tí ilẹ̀ pọ̀ sí, tí èrò kò pọ̀, tí kò sì sí ẹ̀yà ńlá kan tí yóò sọ pé tòun nìkan ni. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, Murtala kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Òfin kẹfà ọdún yẹn ló dá agbègbè olú ìlú sílẹ̀, ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bí 8,000 kìlómítà níbùú lóròó. Oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ wá kó kúrò ní Èkó.

Mi ò sọ pé èrò ibi ló wà lọ́kàn àwọn tó ṣe é. Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Wọ́n fẹ́ ìlú kan tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Íbò, ọmọ Hausa àti àwọn ẹ̀yà kéékèèké lè pè ní tiwọn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n kí èrò má pọ̀ níbì kan yàtọ̀ sí pé kí èèyàn má sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn Gbagyi wà níbẹ̀. Àwọn Koro wà níbẹ̀, àti Gade, àti Gwandara, àti Bassa, àti Ganagana. Wọ́n ń dáko, wọ́n ń mọ ìkòkò, wọ́n ń sin òkú wọn síbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabógùnjẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ agbègbè náà wò, wọ́n bá èèyàn níbẹ̀ ju iye tí ìjọba rò lọ. Ètò àkọ́kọ́ ni pé kí ìjọba kó gbogbo wọn jáde kúrò nínú agbègbè náà. Nígbà tí wọ́n rí iye owó tí yóò ná wọn, wọ́n yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró, títí di ọjọ́ tí ìjọba bá nílò ibi tó wà.

Ẹ wo orúkọ àwọn àdúgbò tí a ń pè lójoojúmọ́ nínú mọ́tò. Garki, Wuse, Maitama, Jabi, Utako, Gwarinpa, Karu, Lugbe. Kì í ṣe ìjọba ló jókòó sí ọ́fíìsì tó ń ṣẹ̀dá wọn. Orúkọ ìletò àwọn èèyàn ni. Ẹ pe Asokoro dáadáa, ẹ ó gbọ́ orúkọ àwọn Koro nínú rẹ̀. Àwọn ará Maitama àtijọ́ dà? Kubwa ni wọ́n kó wọn lọ. Àwọn ará Wuse ńkọ́? Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Niger tó ń jẹ́ Sabon Wuse, ìyẹn ni Wuse tuntun ní èdè Hausa. Ibẹ̀ ni wọ́n gbà lọ. Kódà orúkọ "Abuja" fúnra rẹ̀, ìlú mìíràn ló ń jẹ́ ẹ. Ìjọba gba orúkọ náà fún olú ìlú, ìlú tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ sì di Suleja, wọ́n fi orúkọ ẹ́míà rẹ̀, Suleiman Barau, sọ ọ́.

Bí òfin ṣe wà lónìí, abala 297 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú agbègbè yìí. Ẹ rò ó wò. Àgbẹ̀ kan sùn lálẹ́, onílẹ̀ ni. Ó jí láàárọ̀, ó ti di ẹni tí ìjọba ṣì ń fi ojú àánú wò. Abala 299 ní kí a ka agbègbè yìí sí bí ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní gómìnà, kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Ààrẹ ló ń yan mínísítà lé wọn lórí. Ọdún 2023 ni wọ́n tó kọ́kọ́ fi ọmọ bíbí agbègbè yìí ṣe mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀, lẹ́yìn ọdún 47.

Ohun tí ọmọ ń jogún

Ẹnì kan lè sọ pé, "Pásítọ̀, nǹkan ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn náà kò mọ̀ ọ́n." Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù nìyẹn, nítorí ọmọ kì í jogún ilẹ̀ nìkan. Ó ń jogún ojú tí àwọn èèyàn fi ń wo òbí rẹ̀.

Ìyà àwọn èèyàn yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní 1976. Kí òyìnbó tó dé, àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ń kó wọn lẹ́rú, orí òkè àti ẹ̀yìn àpáta ni wọ́n ń sá sí. Nígbà tí òyìnbó dé, tí wọ́n ní ẹnu àwọn ọba làwọn yóò ti máa ṣèjọba, abẹ́ àwọn ẹ́míà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Lẹ́yìn òmìnira ni ìjọba tiwa náà wá dé pẹ̀lú katapílà. Ọmọ tí wọ́n bí ní abúlé Garki lónìí, àárín gbogbo ìyẹn ni wọ́n bí i sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ẹ wo ohun tí ọmọ náà ń rí. Ilé gogoro yí abúlé wọn ká, ṣùgbọ́n ọ̀nà inú abúlé kò lọ́dà. Bàbá rẹ̀ ń tọ́ka sí ilé ìtura kan, ó ń sọ pé, "Oko iṣu bàbá mi nìyẹn." Ó dé ilé ìwé, kò sí ẹni tó sọ èdè rẹ̀. Hausa ló ń sọ lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ ní kíláàsì, Gbagyi di ti ìyá àgbà nìkan. Wọ́n ń pè é ní "Gwari", orúkọ tí àwọn ará ìta fún wọn, nígbà tí Gbagyi ni orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Tó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń di ìjánu yẹn mú, níbo ni ọmọ náà yóò yà sí?

Ẹ̀gàn tún wà. Mo ti gbọ́ àwọn èèyàn tó ń fi àwọn obìnrin Gbagyi rẹ́rìn-ín nítorí bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù. Ẹ ti rí wọn: wọn kì í ru igi ìdáná lórí bíi tiwa, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n á sọ fún yín pé orí ni ọba ara, kò yẹ kí ọba máa ru ẹrù. Àwa Yorùbá tí a máa ń dọ̀bálẹ̀, tí àwọn àgbà á gbé ọwọ́ lé wa lórí kí wọ́n tó súre fún wa, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ẹ mú owó ogún náírà, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Obìnrin amọ̀kòkò tó wà níbẹ̀ ni Ladi Kwali, obìnrin Gbagyi láti Kwali, nínú agbègbè wa níbí. Ọ̀dọ̀ ìbátan rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ amọ̀ tí Michael Cardew, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìyẹn Suleja. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní London, Yunifásítì Ahmadu Bello sì fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́lá ní 1977. Òpópónà kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Wuse, àwọn kan nínú yín ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa ló mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? A ń ná obìnrin náà lọ́jà, a sì ń sọ pé kò sí ẹnì kankan níbí kí a tó dé.

Wọ́n ti ṣe é fún wa rí

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Àwa kò tilẹ̀ nílò láti dánra wò. Wọ́n ti gún wa rí.

Ta ni kò kọ́ ọ nílé ìwé pé Mungo Park ló ṣàwárí odò Ọya? Àwọn tó ń pẹja nínú odò náà, tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi lórí rẹ̀, tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò jẹ́ nǹkan kan lójú ẹni tó kọ ìwé náà. Nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì á san owó ìtanràn, tí kò bá lówó á jẹ pàṣán. "Fánákúlà" ni wọ́n ń pe èdè ìyá wa. Ọmọ Yorùbá ni tíṣà tó ń na wá, òyìnbó ti lọ tipẹ́. Bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ nìyẹn: ẹni tó kọ́kọ́ mú pàṣán lè lọ, kí ẹlòmíràn gbé e nílẹ̀.

Ní ti ilẹ̀, ẹ rántí Èkó. Ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ kan ní Apápá fún iṣẹ́ ìlú, ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání, ẹni tó jẹ oyè Olúwa ti Èkó. Wọ́n ní òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kò ní ilẹ̀ náà ní tòótọ́, ìṣàkóso lásán ni tirẹ̀, nítorí náà owó gbà-máà-bínú rẹ̀ kò lè pọ̀. Olóyè náà kò gbà. Ní 1920, òun àti Herbert Macaulay wọkọ̀ lọ sí London. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ dá a láre: àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, kí ìjọba san owó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń san án fún ẹni tó ni nǹkan. Títí dòní, àwa Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ yẹn yangàn, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ̀ pé wọ́n dá onílẹ̀ láre ní Apápá, báwo la ṣe fẹ́ máa sọ ní Garki pé ilẹ̀ kò ní olówó? Kódà ọ̀rọ̀ náà "ọmọ onílẹ̀" ti di èébú lẹ́nu wa, nítorí ìwà àwọn kan ní Èkó. Oyè iyì ni tẹ́lẹ̀.

Nínú ìjọ Ọlọ́run náà, ẹ jẹ́ ká rántí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọlọ́run gbé e dìde, ní 1864 wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Ó di àgbàlagbà tán, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin míṣọ́nnárì òyìnbó dé sí apá odò Ọya, wọ́n jókòó ṣèdájọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1890, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì tàbùkù bàbá náà. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2014, nígbà tó pé 150 ọdún tí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Archbishop Justin Welby ṣe ìsìn ní Canterbury, níbi tí wọ́n ti dúpẹ́ nítorí Crowther, tí wọ́n sì ronú pìwà dà lórí ohun tí ìjọ wọn fi ojú rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé Welby ti dáyé ní 1890? Rárá. Ṣé òun ló tàbùkù Crowther? Rárá. Ṣé a wá sọ fún un pé kó dákẹ́, pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn án? A kò sọ bẹ́ẹ̀. Inú wa dùn, a ní ó ṣe ohun tó yẹ. Ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ, kò ní ṣàì yẹ nígbà tó bá kan àwa náà.

Ẹ̀bi àti ojúṣe

Ní ibi tí a dé yìí, mo fẹ́ ká ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí dídà tí a máa ń dà wọ́n pọ̀ ló ń mú kí inú bí wa. Ẹ̀bi yàtọ̀ sí ojúṣe. Ẹni tó ṣe nǹkan ló jẹ̀bi rẹ̀. Ìsíkíẹ́lì orí 18 fi yé wa pé Ọlọ́run kì í ka ẹ̀ṣẹ̀ bàbá sí ọmọ lọ́rùn. Nítorí náà, mi ò pe ẹnikẹ́ni nínú yín ní olè. Ṣùgbọ́n ojúṣe lè wà lọ́rùn ẹni tí kò jẹ̀bi. Nílẹ̀ Yorùbá, tí bàbá bá kú, tí ọmọ jogún ilé rẹ̀, tí obìnrin kan sì dé lọ́jọ́ kẹjọ tó ní bàbá jẹ òun lówó, ṣé ọmọ náà lè sọ pé òun kọ́ lòun yá a? Òun kọ́ ló yá a lóòótọ́. Ṣùgbọ́n inú ilé náà ló ń sùn. Ẹni tó ń jẹ ọrọ̀ ogún kò lè fi ẹsẹ̀ ti gbèsè rẹ̀ síta.

Àwa ń jẹ ogún Abuja. Ọ̀nà tó gbòòrò ni a ń gbà, iṣẹ́ tó wà níbí la fi ń tọ́ ọmọ. Ohun tó sọ ìletò kan di àìsí ló jẹ́ kí gbogbo ìyẹn wà.

Ẹ ṣí ìwé Sámúẹ́lì Kejì orí 21. Ìyàn mú ní ìgbà ayé Dáfídì fún ọdún mẹ́ta. Ó béèrè lọ́wọ́ Olúwa, Olúwa sì sọ fún un pé nítorí àwọn ará Gíbéónì ni. Àwọn wo ni wọ́n? Àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà kí Ísírẹ́lì tó dé, tí Ísírẹ́lì bá dá májẹ̀mú. Sọ́ọ̀lù ló pa wọ́n, Dáfídì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ó lè sọ pé, "Ọ̀rọ̀ ìjọba àná nìyẹn." Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó pè wọ́n, ó bi wọ́n pé kí ni kí òun ṣe fún wọn. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà parí le, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, àwa tí a wà lábẹ́ àgbélébùú Jésù kò ní tọ ipa yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Dáfídì ni kí ẹ dì mú. Kò gbé ìrẹsì lọ bá wọn kó tó bi wọ́n ní ohun tó ń dùn wọ́n.

Ẹlòmíì á ní, "Ìjọba san owó gbà-máà-bínú fún wọn." Ó san fún àwọn kan, àwọn kan ṣì ń retí. Ṣùgbọ́n ẹ tún ka ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21. Áhábù ọba kò kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́ Nábótì. Ọgbà àjàrà tó dára ju tirẹ̀ lọ ló fẹ́ fi rọ́pò, tàbí kó san owó rẹ̀. Owó yẹn kọ́ ni Nábótì ń wò, ogún bàbá rẹ̀ ni. Àwọn nǹkan kan wà tí owó lè ra ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè ra òun fúnra rẹ̀. Ẹ tún wo bí Jésébẹ́lì ṣe ṣe é: ìwé ló kọ, ó fi òǹtẹ̀ ọba lù ú, àwọn àgbà ìlú jókòó, àwọn ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ bá òfin mu. Èlíjà ṣì dé. Mi ò fi ìjọba wa wé Jésébẹ́lì o. Kí òǹtẹ̀ wà lórí ìwé ni mo ń sọ pé kò tó láti pa ẹnu ẹ̀rí ọkàn mọ́.

Ẹlòmíì tún lè ní, "Ibo ni àwọn Gbagyi náà ti wá? Ṣebí gbogbo èèyàn ló ti ibì kan ṣí dé ibì kan?" Òótọ́ ni, àwa Yorùbá náà ní ìtàn ìṣípòpadà. Ṣùgbọ́n tí gbogbo wa bá jẹ́ àtìpó, ìyẹn ló yẹ kó jẹ́ ká mọ bí àtìpó ṣe ń hùwà sí ẹni tó bá nílé. Léfítíkù orí 25 jẹ́ ká mọ̀ pé Ọlọ́run ló ni ilẹ̀, àtìpó ni gbogbo wa lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Kí la wá fẹ́ ṣe?

A kò lè dá Maitama padà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò ní agbára yẹn, èmi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni wó ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa kì í ṣe kékeré.

Èkíní, ẹ jẹ́ ká dẹ́kun irọ́ yẹn. Tí ọmọ rẹ bá bi ọ́ bí Abuja ṣe bẹ̀rẹ̀, sọ fún un pé àwọn èèyàn wà níbẹ̀, kí o sì dárúkọ wọn. Pè wọ́n ní Gbagyi bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń wá ilẹ̀ létí àwọn ìletò. Béèrè oko ta ni kí o tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Òfin ní ìjọba ló nilẹ̀, nítorí náà ẹni tó fi ìwé abúlé tà á fún ọ kò lè fi ọ́ lọ́kàn balẹ̀. Àwọn kan nínú wa mọ bí ó ṣe rí nígbà tí katapílà dé láàárín ọdún 2003 sí 2007. Ẹ sunkún, ìjọ sì bá yín sunkún. Ẹkún kan náà ni àwọn onílé ti sun ṣáájú yín. Má ṣe wá lo àìní ẹni tí a ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi yọwó ilẹ̀ dé ibi tí ojú yóò fi tì ọ́ tí Jésù bá dúró níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ìjáde ìjọ wa sí àwọn ìletò. A máa ń gbé ìrẹsì àti aṣọ àlòkù lọ, a máa ń ya fọ́tò. Ọlọ́run mọ inú wa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ń lọ bá ti jẹ́ Kristẹni kí ìjọ wa tó ní bẹ́ǹṣì kan níbí. Arákùnrin àti arábìnrin wa ni wọ́n. Nígbà míì tí a bá lọ, ẹ jẹ́ ká jókòó sílẹ̀ gbọ́ ìtàn wọn. Ẹ jẹ́ ká pe àgbà kan nínú wọn wá bá wa sọ̀rọ̀ nínú ìjọ, kó fi èdè rẹ̀ gbàdúrà lórí àwọn ọmọ wa. Àdúrà onílé lórí àlejò kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ̀kẹrin, ọmọbìnrin tó ń bá ọ fọ aṣọ nílé, ṣé o mọ orúkọ abúlé rẹ̀? Ṣé ó ń lọ sí ilé ìwé? Ọmọkùnrin tó ń ta igi ìdáná lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ṣé ìkíni rẹ fún un jọ ìkíni tí o ń kí ọmọ ọ̀gá rẹ? Ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá a gbọ́ ìwàásù yìí.

Ẹ̀yin ará, àwọn ọmọ wa náà ń dàgbà níbí. Wọ́n lè dàgbà pẹ̀lú ìgbéraga àwọn tó rò pé ọ̀dọ̀ wọn ni ayé ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè dàgbà pẹ̀lú ìwà ọmọ tó mọ ẹni tó yẹ kó kí nígbà tó bá wọ ilé onílé. Ọwọ́ wa ni èyí tí wọ́n máa mú wà. Kí Olúwa là wá lójú láti rí àwọn tó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kó sì fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti bi wọ́n léèrè ohun tí Dáfídì béèrè. Àmín.